Ètò Ẹ̀kọ́ láti Àbújá, Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Èjìgbò

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama

Àwọn olùkọ́ Èjìgbò àti gbogbo abúlé tó yí wa ká ni mo bá wá lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe pa rédíò yín. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ọ̀rọ̀ ọmọ kì í sì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ìsinmi ti ń lọ sópin. Láìpẹ́, aago á dún, àwọn ọmọ á tò sórí ìlà. Kí aago náà tó dún, iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí. Iṣẹ́ náà ni ètò ẹ̀kọ́. Kí ni a ó kọ́ àwọn ọmọ ní táàmù yìí? Ìgbà wo ni a ó kọ́ ọ? Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ohun tí a kọ́ wọn wọlé? Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Àwọn àgbà ní, ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: kíláàsì la á wò kí a tó ṣe ètò ẹ̀kọ́. Mo tún un sọ: kíláàsì la á wò kí a tó ṣe ètò ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ìwé mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí wọ́n máa ń dà pọ̀ lẹ́nu wa. Àkọ́kọ́ ni kòríkúlọ́ọ̀mù. Àjọ NERDC ti ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣe é, Nàìjíríà látòkè délẹ̀ ló sì wà fún. Ìkejì ni sìkíìmù. Ibẹ̀ ni a ti ń gé kòríkúlọ́ọ̀mù sí táàmù, tí a sì ń gé táàmù sí ọ̀sẹ̀. Ìkẹta ni lẹ́sìn nóòtì, èyí tí ẹ̀yin olùkọ́ fúnra yín ń kọ kí ẹ tó dúró níwájú pátákó. Ìwé àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí ọmọ Nàìjíríà yẹ kó mọ̀. Ìwé kejì ń sọ ìgbà tí a ó kọ́ ọ. Ìwé kẹta nìkan ló mọ ọmọ tó jókòó síwájú yín.

Níbo wá ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀? Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìwé kẹta bá di àdàkọ. A ṣí ti èṣí, a yí déètì rẹ̀ padà, a gbé e fún ọ̀gá kó buwọ́ lù ú. Nóòtì pé, dáyárì pé, òǹtẹ̀ pé. Àmọ́ ọmọ tó jókòó síwájú wa kì í ṣe ọmọ èṣí. Aṣọ ànkárá kan náà ni wọ́n ń tà ní Kánò, òun náà ni wọ́n ń tà ní Èjìgbò. Télọ̀ tó bá mọṣẹ́ kò jẹ́ gé e láìwọn ọmọ tí yóò wọ̀ ọ́. Ìjọba ló ra aṣọ, olùkọ́ ni télọ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ló dé tí a fi ń sọ̀rọ̀ yìí nísinsìnyí? Ìdí ni pé aṣọ tuntun ti dé. Ìjọba àpapọ̀ kéde kòríkúlọ́ọ̀mù tuntun fún sáà ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026. Olórí ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dín iye iṣẹ́ tí ọmọ ń kọ́ kù. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kìíní sí ìkẹta kò gbọdọ̀ ju iṣẹ́ mẹ́wàá lọ mọ́. Wọ́n fi Ìtàn Nàìjíríà sí i láti kíláàsì kìíní, ìyẹn iṣẹ́ tí a ti yọ kúrò fún ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ọmọ wa kò fi mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Wọ́n fi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sí i láti kíláàsì kẹrin. Ní girama, ọmọ á mú iṣẹ́ ọwọ́ kan: iṣẹ́ iná oòrùn tí a mọ̀ sí sólà, tàbí aṣọ rírán, tàbí ẹran ọ̀sìn, tàbí irun àti ojú ṣíṣe, tàbí títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, tàbí ọ̀gbìn.

Nígbà tí iye iṣẹ́ dín kù, ṣé iṣẹ́ olùkọ́ náà dín kù ni? Rárá o. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù, a lè sáré kọjá lórí gbogbo rẹ̀, kí a ní àsìkò ni kò tó. Ní báyìí tí ó dín, wọ́n ń retí pé kí ohun tó kù wọ ọmọ lára. Ẹni tí kò bá ṣe ètò tuntun fún un, eré sísá àtijọ́ náà ni yóò máa sá.

Ẹ̀yin tíṣà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ lọ́kàn. Ẹ ń sọ pé, "Tuntun mìíràn tún dé." Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ìjọba rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ètò ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. A rí ètò mẹ́fà-mẹ́ta-mẹ́ta-mẹ́rin ní 1982. Níbí ní Ọ̀ṣun, láti 2012, a pín ilé ẹ̀kọ́ sí oríṣi mẹ́ta ọ̀tọ̀, nígbà tó sì yá, a tún padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀. Ta ló wà níbẹ̀ láti ìgbà náà? Olùkọ́ ni. Ta ló ń jókòó síwájú rẹ̀? Ọmọ ni. Ìdí nìyẹn tí ètò tí olùkọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fi ṣe pàtàkì ju ìkéde lọ.

Ó dára. Báwo ni a ó ṣe ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a mú un ní ẹsẹẹsẹ.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ ka ọ̀sẹ̀ yín. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà táàmù síwájú. Sìkíìmù á sọ pé ọ̀sẹ̀ báyìí-báyìí ló wà. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni ti ẹ̀kọ́? Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ àtúnyẹ̀wò. Ẹ yọ ìsinmi àárín táàmù. Ọdún Iléyá ńkọ́? Ọdún Òrìṣà Ògìyán ńkọ́? Ọjọ́ ọjà abúlé yín, tí ìdajì kíláàsì máa ń bá ìyá wọn ru ẹrù, ṣé ẹ kà á mọ́ ọn? Nígbà tí ẹ bá yọ gbogbo èyí, ohun tó kù ni táàmù yín gan-an. Ó sábà máa ń kéré sí ohun tó wà nínú ìwé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá kéré, tí ẹ̀kọ́ pọ̀, kí ni a ó ṣe? A ó yàn. Ẹ wo ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín léèrè pé: bí ọmọ yìí kò bá mọ èyí, ṣé yóò lè mọ èyí tó tẹ̀ lé e? Ọmọ tí kò mọ ìsọdipúpọ̀, kí ni yóò fi ṣe pínpín? Ọmọ tí kò lè ka gbólóhùn kan tán, báwo ni yóò ṣe ka ìbéèrè sáyẹ́ǹsì? Àwọn ẹ̀kọ́ tí òmíràn dúró lé lórí, àwọn ni kí ẹ fún ní àsìkò púpọ̀. Ẹ fi wọ́n sí ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, nígbà tí ara ọmọ ṣì le, tí ìwọlé sì pé. Ẹ̀kọ́ tó bá lè dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ lè ṣe é ní kíákíá.

Ohun kejì: ẹ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mọ àwọn ọmọ. Kì í ṣe orúkọ nìkan. Ẹ pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan wá síbi tábìlì, kí ẹ ní kí ọmọ ka ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún yín. Ẹ fún un ní ìṣirò ìyọkúrò kan kó ṣe níwájú yín. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ fún ọmọ kan. Ẹ má ṣe fún un ní máàkì, ẹ kàn kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹ ó rí i pé nínú kíláàsì karùn-ún kan ṣoṣo, ẹnì kan ń kàwé bí ọmọ girama, ẹnì kan ṣì ń wá lẹ́tà.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Èjìgbò nìkan. Ní ilẹ̀ Íńdíà, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Pratham rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti dé kíláàsì gíga tí wọn kò lè ka ìtàn kúkúrú. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ní kí olùkọ́ ya wákàtí kan tàbí méjì sọ́tọ̀ lóòjọ́. Ní wákàtí náà, ẹ má ṣe wo kíláàsì ọmọ, ẹ wo ohun tó mọ̀. Àwọn tó ń wá lẹ́tà jókòó pọ̀, àwọn tó ti ń ka ọ̀rọ̀ jókòó pọ̀, àwọn tó ti ń ka ìtàn jókòó pọ̀. Bí ọmọ bá ti gòkè, a gbé e lọ sí ìsọ̀rí tó kàn. Ọgbọ́n yìí ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ó sì ti dé Nàìjíríà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé, tí olùkọ́ kan ń mú kíláàsì méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ẹ má ṣe kọ sìkíìmù méjì tí wọn kò mọ ara wọn. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wá ibi tí ẹ̀kọ́ wọn ti jọra. Bí kíláàsì kẹta bá ń kọ́ nípa ewéko, tí ìkẹrin ń kọ́ nípa ilẹ̀, ẹ̀kọ́ kan ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ fún àwọn méjèèjì, iṣẹ́ àṣetúnṣe wọn ni yóò yàtọ̀.

Ohun kẹta, èyí tó jẹ́ ti Èjìgbò ju ibikíbi lọ. Mo ń sọ nípa ọmọ tó dé láti Àbíjàn.

Gbogbo wa la mọ̀ pé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ sí orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, níbi tí Àbíjàn wà. Wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́lé sí Èjìgbò. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2002, àti nígbà tí rògbòdìyàn ìdìbò ṣẹlẹ̀ ní 2010 wọ 2011, ọ̀pọ̀ òbí kó ọmọ wọn wálé. Títí di òní, kò sí táàmù tí ọmọ kan kì í sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Àbíjàn, tí ìyá àgbà rẹ̀ á sì mú un wá sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Báwo ni a ṣe ń gba ọmọ náà? Ọ̀gá béèrè ìbéèrè kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ dákẹ́. A ní, "Kò mọ nǹkan kan." Ọmọ ọdún mọ́kànlá, a fi í sí kíláàsì kejì láàárín àwọn ọmọ ọdún méje. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ á ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí táàmù tó parí, kò wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí ni ọmọ yẹn mọ̀? Ó mọ Yorùbá, nítorí òun ni wọ́n ń sọ nílé wọn ní Àbíjàn. Ó mọ Faransé, nítorí òun ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé. Ohun tí kò mọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ẹ béèrè kíláàsì tó wà lọ́hùn-ún lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ náà. Wọ́n ń pe kíláàsì kìíní ní CP1, ìkejì ni CP2. Ìkẹta ni CE1, ìkẹrin ni CE2. Ìkarùn-ún ni CM1, ìkẹfà ni CM2. Bí ọmọ bá ní òun ti ṣe CM1, ẹgbẹ́ kíláàsì karùn-ún ni. Bó bá ti ṣe CM2, tó sì gba ìwé ẹ̀rí wọn tó ń jẹ́ CEPE, ẹgbẹ́ ọmọ tó parí kíláàsì kẹfà ni.

Ẹ wo ìwé ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú ojú àánú. Níbi tí àwa ti ń fi àmì ìdánudúró sáàárín nọ́ńbà láti fi ya ìdá sọ́tọ̀, kọ́mà ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Bí wọ́n bá ń pín nọ́ńbà, apá ọ̀tún ni wọ́n ń kọ èyí tí wọ́n fẹ́ fi pín in sí, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ ìdáhùn sí. Àwa ń kọ ọ́ sí apá òsì, a sì ń gbé ìdáhùn sókè. Olùkọ́ tí kò bá mọ̀ á fi báírò pupa fagi lé e. Bẹ́ẹ̀, ìdáhùn ọmọ náà pé.

Kí ni kí ẹ wá kọ sínú ètò yín? Ẹ fi ọmọ náà sí kíláàsì tó bá ọjọ́ orí àti ìmọ̀ rẹ̀ mu. Ẹ fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí nọ́ńbà kò ní èdè púpọ̀, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ á ti balẹ̀. Ẹ fi ọ̀rẹ́ kan jókòó tì í tí á máa bá a sọ Yorùbá. Ẹ ya ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́tọ̀ lóòjọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Kòríkúlọ́ọ̀mù tuntun sì fi Faransé sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù láti kíláàsì kẹrin. Ní ibòmíràn, wọ́n lè ní kò sẹ́ni tí yóò kọ́ ọ. Ní Èjìgbò ńkọ́? Ọmọ tí a ní kò mọ nǹkan kan yẹn lè dúró níwájú kíláàsì kó kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń kí ènìyàn lédè Faransé. Lọ́jọ́ náà, ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa dán.

Ọ̀rọ̀ èdè tí mo dé yìí, kò ṣeé fò kọjá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó ní èsì ìdánwò kò dára níbi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé fásitì.

Kí ni àwa ará Ọ̀ṣun mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí? A mọ ohun kan tí ayé mọ̀ wá mọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yòókù ṣe bí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ti ń ṣe, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò gbẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Kí ló mú un ṣeé ṣe? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí yìí. Yorùbá nìkan kọ́. Ètò ni. Wọ́n kọ ìwé ìṣirò, wọ́n kọ ìwé sáyẹ́ǹsì, wọ́n kọ ìwé ẹ̀kọ́ àwùjọ, gbogbo rẹ̀ lédè Yorùbá. Wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n kọ lọ sínú kíláàsì, wọ́n ń wò ó bóyá ó yé ọmọ, wọ́n sì ń tún un ṣe. Wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fi olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sídìí Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí a bá ti fi èdè abínibí kọ́ni láìsí ìwé, láìsí ètò, ẹ má ṣe di ẹ̀bi rẹ̀ ru Yorùbá.

Kí ni kí olùkọ́ wá ṣe lónìí? Àṣẹ ni àṣẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni pátákó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nínú lẹ́sìn nóòtì yín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lé, kí ẹ kọ ìtumọ̀ Yorùbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ojú ọmọ bá fi hàn pé kò yé e, ẹ ṣàlàyé fún un ní èdè tó yé e. Kó tó jáde, ẹ jẹ́ kó tún un sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ara rẹ̀. Yorùbá náà ṣì jẹ́ iṣẹ́ tí a ń kọ́, ẹ má ṣe sọ pírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ di àsìkò tí a fi ń gba owó ẹgbẹ́ òbí.

Ohun kẹrin: ẹ fi ohun tó wà ní àyíká yín kọ́ni. Mo ń gbọ́ tí àwọn olùkọ́ ń sọ pé kò sí irinṣẹ́. Ẹ kò parọ́. Ìjọba ní láti pèsè irinṣẹ́, a kò ní dákẹ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Ẹ fẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń ya nǹkan tó dà pọ̀ sọ́tọ̀ nínú sáyẹ́ǹsì. Ẹ mú wọn lọ sídìí gàrí. Wọ́n rin ẹ̀gẹ́, wọ́n fún omi rẹ̀, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n yan án. Kí ni asẹ́ dá dúró? Kí ló jẹ́ kó kọjá? Níbo ni omi tó kù lára rẹ̀ lọ nígbà tí iná dé abẹ́ agbada? Ìbéèrè mẹ́ta, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ fẹ́ kọ́ wọn ní ìṣirò pàṣípààrọ̀ owó. Ọmọ Èjìgbò wo ni kò rí owó sẹ́fà rí? Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà, kí ẹ ní kí wọ́n bá bàbá tó fi owó ránṣẹ́ láti Àbíjàn ṣírò rẹ̀. Ẹ fẹ́ kọ́ wọn ní ìtàn. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí wọn tó lọ sí Àbíjàn, ọ̀nà tó gbà, àti iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà ni ọ̀nà náà máa ń gbà kọjá. Ẹ̀kọ́ ìtàn ti mú ẹ̀kọ́ àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ girama tí iṣẹ́ ọ̀gbìn tàbí ẹran ọ̀sìn bọ́ sí lọ́wọ́, Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sí Èjìgbò yìí. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò ku ọ̀la. Ẹ̀yin tí ẹ mú aṣọ rírán tàbí fóònù títúnṣe, ẹ lọ kí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìgboro. Iṣẹ́ ọwọ́ tí a kọ́ lórí pátákó nìkan, kò tíì di iṣẹ́ ọwọ́.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò fún gbogbo ọmọ láti 2015. WAEC náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2024 fún àwọn tó ń ṣe ìdánwò aládàáni. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ ìdánwò, ẹ̀rù ni yóò fi wákàtí rẹ̀ jẹ. Bí iná kò bá sí, ẹ ya pátákó ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà sórí páálí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ wọn mọ ibi tí lẹ́tà wà. Fóònù kan ṣoṣo tí olùkọ́ mú dání lè kọ́ kíláàsì kan bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀, bí a ṣe ń dá òótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí irọ́. Ní ìpínlẹ̀ yìí, a ti rí ẹ̀rọ Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín fún àwọn ọmọ girama ní 2013. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kì í ṣe ètò fúnra rẹ̀. Olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí a ó ṣí i àti ohun tí a ó fi ṣe.

Ohun karùn-ún, òun ló sì kẹ́yìn: ẹ má ṣe é ní ẹnì kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí ìwọlé tó dé, ẹ pe àwọn olùkọ́ yín jọ fún wákàtí méjì. Kì í ṣe láti pín iṣẹ́ nìkan. Kí olùkọ́ kíláàsì kẹta sọ fún ti ìkẹrin ibi tí òun bá àwọn ọmọ dé, àti orúkọ ẹ̀kọ́ tí òun kò lè parí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni olùkọ́ tuntun máa ń kọ́ ilé lé ìpìlẹ̀ tí kò sí. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá súnmọ́ ara wọn lè jọ pàdé. Ẹni tó mọ ìṣirò kọ́ ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin alábòójútó ẹ̀kọ́ tí ẹ ń yẹ ìwé wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ka ojú ewé nìkan. Ẹ pe ọmọ kan, ẹ ní kó kàwé sí yín létí. Lẹ́sìn nóòtì tó dára jù lọ ni èyí tí ọmọ lè sọ lẹ́nu.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ṣì ń gbọ́ wa, ẹ ṣeun. Ìpín tiyín kò pọ̀. Bí ọmọ yín bá dé láti Àbíjàn, ẹ mú ìwé tó fi ń kàwé níbẹ̀ wá, kódà bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wá ní ọjọ́ ọjà. Kí ẹ sì máa bi í léèrè lálẹ́ pé, "Kí lo kọ́ lónìí?" Bó bá ní òun kò kọ́ nǹkan kan, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo.

Ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ jọ. A ní kí ẹ ka ọ̀sẹ̀ yín, kí ẹ sì yan ẹ̀kọ́ tí òmíràn dúró lé lórí. A ní kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ mọ̀. A ní kí ẹ má ṣe fi àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pe ọmọ Àbíjàn ní òpè. A ní kí ẹ fi ohun àyíká yín kọ́ni, kí ẹ sì jọ ṣe é.

Bí gbogbo rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ mú ọ̀kan. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Iṣẹ́ tí mo fún yín ṣáájú ìwọlé ni pé kí ẹ mú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì yín sí i, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, ẹ kọ ohun kan tí ọmọ náà mọ̀ àti ohun kan tí kò tíì mọ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ṣí sìkíìmù.